Ife Omi Iyọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́jú nínú ilé wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀, ìyàwó rẹ̀ ti fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Inú ń run ọmọ yìí."

Ọkọ rẹ̀ ń wá bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó dìde. Kò pariwo, kì í pariwo rí. Ó lọ síbi fèrèsé, ó gbé ife tánganran tó wà níbẹ̀, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Omi inú ife náà ti wà níbẹ̀ láti àná, iyọ̀ sì ti gbẹ funfun sí etí rẹ̀. Obìnrin náà wo ife, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin tó ká jọ sórí ẹní bí ìgbín tí iyọ̀ kàn lára. Lẹ́yìn náà ó gba ife, ó bu omi sẹ́nu, ó fi fọ gbogbo eyín, ó sì tu ú síta láti ojú fèrèsé.

Òfin ilé ni. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ òdì nínú yàrá méjèèjì tí wọ́n háyà yìí, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ fọ ẹnu tó fi sọ ọ́. Wọn kì í sọ níbẹ̀ pé owó tán, wọ́n á ní owó ń bọ̀. Wọn kì í sọ pé ó rẹ àwọn. Bí nǹkan bá ń dun èèyàn, ohun tó gbọ́dọ̀ sọ ni pé, "Ara mi le." Wẹ́dà fúnra rẹ̀ ń pa òfin náà mọ́. Nígbà tí iná iṣẹ́ bà á lójú, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú débi pé ọmọ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwẹ̀, ó ní ojú òun ń mọ́lẹ̀ sí i ni.

Kì í ṣe ìkà. Ẹni tó bá pè é ní ìkà, irọ́ ló pa mọ́ ọn. Ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiẹ̀ ló máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé sìlíńdà gáàsì òun ń jò, pé nǹkan yìí máa pa èèyàn lọ́jọ́ kan. Ó pa èèyàn lóòótọ́, òun alára ló sì pa. Níbi ìsìnkú, ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ ni pé ẹnu rẹ̀ ló pa á. Ẹnì kan ṣoṣo kò sọ pé sìlíńdà ló pa á. Nígbà tí wẹ́dà dé láti ibi ìsìnkú náà ló gbé ife sórí fèrèsé.

Àǹtí Àgbà jáde láti yàrá kejì. Òun ni ẹ̀gbọ́n wẹ́dà obìnrin. Ó ń ta abọ́ rọ́bà àti korobá lẹ́bàá títì, òun sì ni aṣáájú nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà.

"Ẹyinjú, ara ńkọ́?"

"Ara mi le, mà."

Àǹtí Àgbà gbójú sókè wo ìyá ọmọ. Ó ní kí gbogbo ilé gbọ́ o, ọmọdé ń sọ̀rọ̀ ìyè, àgbà ń sọ̀rọ̀ òdì. Àpèmọ́ra là á pe tèmídire, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé àìsàn ni wọ́n ń pè mọ́ra, wọ́n á tún gbé àga fún un kó jókòó.

Iṣẹ́ ìyá Ẹyinjú ni kó máa gán bọ́tìnì sára aṣọ, kó sì máa yọ ojú ihò bọ́tìnì, fún àwọn aránṣọ tó wà ní ìkòríta. Ìka rẹ̀ kì í sinmi ojú abẹ́rẹ́. Ó ní, "Àǹtí, tó bá jẹ́ ẹnu la fi ń ṣe é, ẹnu ni mi ò bá fi máa rán aṣọ, abẹ́rẹ́ ò bá sì yé gún mi níka."

Àǹtí Àgbà nawọ́ sí fèrèsé. Wẹ́dà ronú díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òdì lèyí tàbí àfojúdi lásán. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kó má ṣàṣà tún un sọ.

Wọ́n jẹun. Tíì àti búrẹ́dì ni. Wẹ́dà gé ibi tó rọ̀ jù nínú búrẹ́dì, ó rì í sínú tíì tirẹ̀ tí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, ó fi sẹ́nu ọmọ náà. Ẹyinjú gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀. Bàbá fọwọ́ pa á lórí, ó ní akíkanjú òun nìyẹn, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ìró bàtà rẹ̀ ti dákẹ́ ní ojú àgbàlá ni ọmọ náà wọ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì náà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́, èébì aláwọ̀ ewé sì tẹ̀ lé e. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi nu ilẹ̀, ó ká a jọ, ó fi í sábẹ́ ẹní. Gbogbo èyí ló ṣe láìjẹ́ kí ìró kankan jáde. Ìyá rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà àárín yàrá méjèèjì, ó ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ta ló kọ́ ọ bí a ti ń bì láìdún?

Ìyá dúró títí Àǹtí Àgbà fi gbé igbá korobá rẹ̀ lọ sẹ́bàá títì. Ó wọ bàtà fún ọmọ náà, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré kò jìn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè nàró. Ó fọwọ́ ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ ikùn, ó tẹ̀ bí arúgbó. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wà, aládùúgbò wọn tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn. Ó bi í léèrè pé, "Ẹyinjú, kí lo sọ nù sílẹ̀ tó o ń wá?" Àwọn tó ń pọnmi rẹ́rìn-ín. Ẹyinjú náà rẹ́rìn-ín. Ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Ojú gbogbo wọn ló ti rí ọmọ tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà sì pọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kún fún àwọn ọlọ́mọ. Nígbà tó kàn wọ́n, nọ́ọ̀sì tó jókòó sídìí tábìlì kò gbójú sókè. Ó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ìyá ní inú ni. Nọ́ọ̀sì ní òun kò bi ìyá, ọmọ lòun ń bi, ọmọ ò kúkú yadi.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Ibo ló ń dùn ẹ́?"

"Ara mi le, mà."

Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní kí ó dùbúlẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ inú rẹ̀ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì kejì tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò tètè dé láti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Bó ti fọwọ́ kan apá ọ̀tún nísàlẹ̀, omi bọ́ lójú ọmọ náà, ó ṣàn wọ inú etí. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì bi í pé ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dùn ún? Ó ní rárá mà. Ẹnu ni nọ́ọ̀sì gbọ́, kò wojú.

Ó fún wọn ní oògùn aràn. Ìyá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó tún inú náà wò, pé ọmọ yìí kì í sọ ni. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ni inú ti sọ̀rọ̀, àbí ìyá mọ inú rẹ̀ jù ú lọ? Ó ní irú àwọn ìyá báyìí lòun ń rí lójoojúmọ́, ìyá tó bá ń wá àìsàn kiri fún ọmọ rẹ̀ yóò rí i bópẹ́ bóyá.

Níbẹ̀ ló yẹ kí ìyá Ẹyinjú sọ ọ̀rọ̀ ife. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ya ẹnu. Ṣùgbọ́n obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ àdúrà wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó sì na etí bí ehoro. Àṣírí ilé ẹni, èèyàn kì í tú u fún ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìyá pa ẹnu dé, ó gba oògùn aràn, ó dúpẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n dúró lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀bù kan tó tì. Ìyá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ojú wọn ṣe déédéé.

"Ẹyinjú, èmi àti ìwọ nìkan ló wà níbí. Bàbá rẹ ò sí níbí. Ife ò sí níbí. Níbo ló ń dùn ẹ́?"

Ọmọ náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Tí mo bá sọ ọ́, ó máa wá."

"Ó ti wá, ọmọ mi."

"Kò tíì wá, Màmá. Láti ìjẹta ni mo ti ń lé e. Mi ò tíì sọ ọ́ rárá."

 Ìyá dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó pọ̀n ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń béèrè bóyá àwọn méjèèjì ń ṣeré ni.

Wọ́n délé. Ìyá tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó jókòó tì í, ó fa aṣọ àwọn aránṣọ sórí itan, kò sì gán bọ́tìnì kan. Oòrùn dé àárín ọ̀run. Ọmọ náà ń mí kúkúrú kúkúrú. Ìyá ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun á lọ bá ọkọ òun ní ṣọ́ọ̀bù, pé bí ó bá fẹ́, kó da gbogbo omi iyọ̀ ayé sóun lẹ́nu. Bó ti ń wá gèlè rẹ̀ ni ọmọ náà jókòó.

Ó jókòó, ó nàró. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Màmá, ó ti lọ."

Ìyá bi í pé kí ló lọ. Ó ní nǹkan náà ni. Ó ní òun lé e títí ó fi lọ. Ó ní ebi ń pa òun, òun fẹ́ ìrẹsì.

Ìyá fọwọ́ lé ẹnu.  Ó sáré lọ sẹ́bàá títì sọ fún Àǹtí Àgbà, Àǹtí Àgbà tẹ wẹ́dà láago, wẹ́dà sì pa iná iṣẹ́ rẹ̀, ó fi eruku irin sílẹ̀ lójú àti nírùngbọ̀n, ó fẹsẹ̀ rìn wá sílé. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù ló rà bọ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kò bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí lílọ sílé ìwòsàn tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti tú síta. Ó kàn sọ fún un pé, "O rí i báyìí." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dun obìnrin náà jù.

Kò pẹ́ tí ẹnu ọ̀nà fi kún. Àǹtí Àgbà ní kí Ẹyinjú dìde kó jẹ́rìí fún àwọn èèyàn. Ọmọ náà dìde, ó ní òun kò sọ ọ́ ni, ó sì lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ láàárọ̀ ní òun ti mọ̀ látìgbà tí òun ti rí i, pé ojú ìgbàgbọ́ wà lójú ọmọ yẹn. Fọkanáísà tó ń gbé yàrá iwájú, tó máa ń fi mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́ kó táyà kiri, yọ orí wọlé, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn táyà òun pé ara wọn le, kí òun yé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà gan-an rẹ́rìn-ín, ó na ife sí fọkanáísà, ó ní kó wá fọ ẹnu. Ó ti pẹ́ tí inú ilé náà ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ń se ìrẹsì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọmọrógùn sílẹ̀, ó wọlé, ó la àárín wọn kọjá lọ síbi fèrèsé. Ó gbé ife, ó fọ ẹnu, ó tu ú, ó tún bù ú sẹ́nu, ó tún fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Nítorí pé ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ló ṣe ń fọ̀ ọ́. Àǹtí Àgbà mi orí, ó ní ìrònúpìwàdà dára.

Wọ́n bu ìrẹsì fún Ẹyinjú ṣáájú gbogbo èèyàn. Ó jẹ ṣíbí kan. Ó gbé ṣíbí kejì dé ẹnu, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní aṣọ ìbora. Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí páànù, òógùn ń bọ́ lára àwọn àgbà, ọmọ ń béèrè aṣọ ìbora. Eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Wẹ́dà ní ayọ̀ ló ń mú un gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tí ọmọ náà fi dojú bolẹ̀ lórí àwo, ìrẹsì sì fọ́n káàkiri ilẹ̀.

Ìyá yí i padà, ó ṣí aṣọ rẹ̀. Inú náà ti wú, ó ti gan bíi pákó. Awọ ojú rẹ̀ ti dà bí eérú.

Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Wẹ́dà kúnlẹ̀ sínú ìrẹsì. Ó ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ le. Ara rẹ̀ le." Kò sí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Àǹtí Àgbà ti na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e jáde, pé ìdánwò ìgbẹ̀yìn lèyí, pé bí wọ́n bá gbé e lọ síbì kan, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn da ohun tí wọ́n gbà nù.

Fọkanáísà ló gbé ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró, ó fi gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ó sọ fún Àǹtí Àgbà pé, "Mà, ẹ kúrò lọ́nà." Kò kúrò. Ó fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kọjá.

Àárín àwọn táyà ni ìyá jókòó sí lẹ́yìn mọ́tò, tó gbé orí ọmọ lé itan, títí wọ́n fi dé ọsibítù ńlá. Wẹ́dà jókòó síwájú. Hóró ìrẹsì mélòó kan ṣì lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà ní ara ọmọ náà ti yá lọ́sàn-án yìí. Dókítà ní ìyẹn kọ́ lòun béèrè. Wẹ́dà wo ilẹ̀. Ìyá ló sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, ìjẹta, àná, èébì tí ọmọ fi ìborùn nù, nọ́ọ̀sì, oògùn aràn, àti bí ọmọ náà ti jókòó lójijì tó ní ó ti lọ. Dókítà dúró níbi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ náà, ó bi í ní ibi tó ń dùn ún. Ẹyinjú la ojú díẹ̀, ojú náà wá bàbá rẹ̀ kiri títí ó fi rí i.

"Ara mi le, mà."

Dókítà nàró. Ó wo bàbá, ó wo ìyá. Ó bi wọ́n léèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé láti wá gbé e.

Kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà ṣàlàyé fún wọn lórí ìdúró. Ó ní ìfun kékeré kan wà nínú èèyàn, kò ju ìka ọwọ́ lọ, òun ló wú. Tí wọ́n bá tètè gbé e wá, iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ́, ẹ̀gbin rẹ̀ sì ti dà sí gbogbo inú ọmọ náà. Bó bá ti bẹ́, ó máa ń dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀, aláìsàn á rò pé òun ti gbádùn. Ó ní, "Ìgbà tó sọ fún yín pé ó ti lọ yẹn, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ́."

Wẹ́dà fọwọ́ mú ògiri. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó rà, àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa, ẹ̀rín tó rín. Ọkùnrin tó ti ń fi ọwọ́ lásán di irin gbígbóná mú láti kékeré, ògiri ló ń dì mú kó má baà ṣubú.

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, Àǹtí Àgbà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúrà méjì. Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láàárọ̀. Wọn kò béèrè bí ọmọ ti ń ṣe. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ibi tí nǹkan náà gbà wọlé. Obìnrin bẹ́ǹṣì jẹ́rìí pé etí òun báyìí lòun fi gbọ́ ọ tí ọmọ ń sọ pé ara òun le, tí ìyá sì ń jiyàn, tó ń bẹ nọ́ọ̀sì kó bá òun wá àìsàn níbẹ̀. Èkejì ní ó ti yé òun, ìgbàgbọ́ ọmọ dúró ṣánṣán, ti ìyá ló jò. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún èèyàn pé páànù ilé rẹ̀ jò.

Àǹtí Àgbà ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú nǹkan kan jáde tó fi ọ̀rá dé lórí, tó sì so ó yíká kó má baà dà. Ife náà ni. Ó ti gbé e láti ilé wá. Ó ti gbé e nínú ọkọ̀, lórí itan, ó fọwọ́ bò ó. Ó tú ọ̀rá rẹ̀, ó nà án sí ìyá ọmọ. Ó ní kò tíì pẹ́ jù.

Ìyá Ẹyinjú gbà á. Ó wo inú omi náà títí, bí ẹni ń wá nǹkan tó jábọ́ sínú kànga. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ó ká ọwọ́ lẹ́rán. Àǹtí Àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀ pé ṣé ó rí ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe. Wẹ́dà ń wo ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ.  Ó yẹ kó ti dáhùn tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wà nínú àkọsílẹ̀ pé ní ìgbà náà kò tíì dáhùn.

Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, tí wọ́n ń tan iná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà jáde wá. Ó ní àwọn ti fọ inú rẹ̀. Ó ní kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà, ọjọ́ tó ń bọ̀ ni yóò sọ. Ó ní bàbá àti ìyá nìkan ló lè wọlé.

Bẹ́ẹ̀dì náà tóbi jù ú lọ. Rọ́bà wọ imú rẹ̀, rọ́bà wọ apá rẹ̀, báńdéèjì sì di inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Oògùn oorun ti ń dá lójú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí lọ, mi orí bọ̀, ìka rẹ̀ sì ń gbá aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń tú u sílẹ̀, ó tún ń gbá a mú. Nọ́ọ̀sì yàrá náà dé, ó gbé abẹ́rẹ́ sínú àwo kékeré. Ó jẹ́ ẹni tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní oògùn ìrora nìyí, ṣùgbọ́n ó lágbára fún ọmọdé, kò wu òun kí òun fún un bí kò bá nílò rẹ̀. Ó tẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ọmọ dáadáa, ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Ẹyinjú wo nọ́ọ̀sì. Ojú rẹ̀ kúrò lára nọ́ọ̀sì, ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó dúró sára bàbá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá méjèèjì, bóyá nǹkan wà níbẹ̀.

"Rárá, mà. Ara mi le."

Nọ́ọ̀sì yìn ín. Ó gbé àwo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó yí padà, ó ń lọ.

Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ti sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì ti fọ ẹnu lórí rẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì dé ìdí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Òógùn bo wẹ́dà lójú, ó pa pọ̀ mọ́ eruku irin tí kò tíì rí àyè fọ̀ láti ọ̀sán, ó ń ṣàn dúdú lọ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ya ẹnu, kò sí ohùn níbẹ̀. Ó tún un yà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ padà." Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Ó ń dùn ún. Ó ń dun ọmọ mi gan-an ni."

Nọ́ọ̀sì padà. Ó wo bàbá, ó wo ọmọ, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ náà.

Ẹyinjú kò bojú wo abẹ́rẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń wò, ẹ̀rù sì wà lójú rẹ̀, ẹ̀rù tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó gbìyànjú kó gbé ọwọ́ tí rọ́bà wà lára rẹ̀ sókè, kò lè gbé e. Oògùn náà ti ń mú un, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wúwo, ṣùgbọ́n ó tiraka kó tó sùn.

"Bàbá mi," ló wí, wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ ti sọ ọ́. Ẹ sáré lọ fọ ẹnu, kó má baà wá."